Adìẹ Ń Làágùn: Ewé Ilé Nínú Oúnjẹ Adìẹ Ẹlẹ́ran ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Ẹ̀yin òǹwòran, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Nígbà tí a bá pa òwe yìí, ènìyàn ni a máa ń bá wí: ẹni tí ó wà nínú ìnira, ṣùgbọ́n tí aṣọ ọrùn rẹ̀ bo ìnira náà mọ́lẹ̀. Bí a bá wá dá òwe náà padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín, ìyẹn adìẹ fúnra rẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko fi yé wa pé adìẹ kò ní ihò òógùn lára rárá. Bí ooru bá mú un, ẹnu ni ó ń yà, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí yóò na ìyẹ́ apá rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ òtítọ́ òwe náà kò yẹ̀. Ìnira ń bẹ nínú ara adìẹ. Ìyẹ́ ni ó bò ó.

Ìnira abẹ́ ìyẹ́ yìí, àti ohun tí oúnjẹ lè ṣe sí i, ni kókó ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀ àti ní agbègbè Ọ̀sẹ́, láti Èmùrè-Ilé títí dé Ìfọ́n àti Ìdóànì, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń sin adìẹ ẹlẹ́ran, èyí tí àwọn olùsìn ń pè ní bùrọ́ílà, ní ẹ̀yìnkùlé. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú wọn, olùkọ́ wà, opó wà, ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kò rí iṣẹ́ náà sì wà. Owó oúnjẹ adìẹ ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n ń ná. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, tí náírà sì já wálẹ̀, owó oúnjẹ yìí ti ga débi pé àwọn mìíràn ti ti ilé adìẹ wọn pa. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ń yíjú sí ewé àyíká: ewúro, efínrín, ewé ìbẹ́pẹ, mọ̀ríńgà, ata ilẹ̀ àti aáyù.

Ẹnu kò kò lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní ewé tó fún gbogbo nǹkan, pé ohun tí ó wo bàbá wọn sàn kò lè kùnà lára adìẹ. Àwọn mìíràn ní oúnjẹ ilé-iṣẹ́ ti pé, pé ẹni tí ó bá ń já ewé sí i ń fi àkókò ṣòfò. Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ba oúnjẹ àti ara adìẹ jẹ́.

Ìdógùn-ún ọ̀rá

Àgbàdo ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́ran. Ẹ̀wà sóyà àti kúlíkúlí a máa tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹja lílọ̀, egungun sísun, iyọ̀, àti àwọn fítámì tí a ń fi wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá wà nínú àgbàdo, ó wà nínú sóyà, ó sì wà nínú ẹja. Ọ̀rá yìí ni ó ń fún adìẹ ní agbára. Òun náà ni ó sì ń yá láti bàjẹ́.

Kò sí ìyàwó ilé tí kò mọ ìbàjẹ́ yìí. Bí ẹ̀gúsí bá pẹ́ lẹ́yìn bíbó, àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà, yóò sì máa korò lẹ́nu. Ẹ̀gúsí tí a ti lọ̀ kì í pẹ́ tó èyí tí a kò tíì lọ̀ kí ó tó dà bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó fà á. Nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí ni ọ́síjìn wà, ọ́síjìn yìí kan náà ni ó sì ń bá omi pàdé lára irin tí irin fi ń dógùn-ún. Ọ̀rá náà a máa dógùn-ún ní ọ̀nà tirẹ̀. Àgbàdo odidi ní èèpo tí ó dáàbò bo ọ̀rá inú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti lọ̀ ọ́, èèpo ti ya, afẹ́fẹ́ ti wọlé. Ooru ń mú kí ìbàjẹ́ náà yá, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ràn án lọ́wọ́, irin àti bàbà tí ó wà lára àwọn èròjà tí a fi wọ́n oúnjẹ sì ń dá kún un.

Ohun tí ó mú ìdógùn-ún ọ̀rá léwu ni pé ó ń ràn. Bí ọ́síjìn bá ba èérún ọ̀rá kan jẹ́, èérún náà kò ní ìsinmi mọ́. Yóò já ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ gbà lára èérún tí ó wà nítòsí. Ó dà bí ẹni tí olè jí ẹrù rẹ̀, tí òun náà sì kọjá sí ilé kejì lọ jalè. Ẹni kejì yóò jí ti ẹni kẹta, títí gbogbo àdúgbò yóò fi di ti olè. Nígbà tí imú ènìyàn bá fi máa gbọ́ òórùn rẹ̀, iṣẹ́ ti pẹ́ lábẹ́lẹ̀. Fítámì A àti fítámì E tí ó wà nínú oúnjẹ náà yóò ti bá a lọ. Owó odidi àpò oúnjẹ ni olùsìn san, ṣùgbọ́n kì í ṣe odidi oúnjẹ ni adìẹ jẹ.

Ẹni tí ó lè dá ìjà yìí dúró ni ẹni tí ó lè fi nǹkan tirẹ̀ lé olè lọ́wọ́ láìdi olè fúnra rẹ̀. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ní àńtíọ́ksídáǹtì. Ní èdè Yorùbá, a lè pè é ní adènà-ìdógùn-ún, nítorí iṣẹ́ tí ó ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ohun tí ó wà lábẹ́ ìyẹ́

Kì í ṣe inú àpò oúnjẹ nìkan ni ọ̀rá ti ń dógùn-ún. Ara adìẹ tí ó wà láàyè kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ooru ara adìẹ ga ju ti ènìyàn lọ. Ó máa ń tó ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Adìẹ ẹlẹ́ran kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ adìẹ ìbílẹ̀ tí ń jẹ̀ kiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni a fẹ́ kí ó ti inú ẹyin dé kílò 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ń dàgbà kíákíá báyìí gbọ́dọ̀ máa sun oúnjẹ kíákíá nínú ara rẹ̀. Níbi tí iná bá sì ti ń jó, ẹ̀ṣẹ́ná kò ní ṣàìta. Àwọn èérún aláìnísinmi tí a sọ̀rọ̀ wọn ni ẹ̀ṣẹ́ná yẹn.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ooru ọ̀sán ní Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n bá kọjá ìwọ̀n 30, ẹ̀ṣẹ́ná náà a máa pọ̀ sí i. Adìẹ a dín oúnjẹ jíjẹ kù, a sì máa mu omi. Ẹ̀dọ̀ àti iṣan rẹ̀ ń jìyà, agbára tí ó fi ń bá àrùn jà ń dín kù. Ìyẹ́ kò jẹ́ kí olùsìn rí i, àfi ní ọjọ́ tí ó bá gbé adìẹ lé òṣùwọ̀n.

Ọlọ́run kò fi adìẹ sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́. Ara rẹ̀ ń ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ó ń ṣe kì í tó o nígbà ooru. Ṣùgbọ́n inú oúnjẹ ni ó ti gbọ́dọ̀ rí fítámì E, èyí tí Herbert Evans àti Katharine Bishop ṣe àwárí rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1922. Ní ọdún 1931, Pappenheimer àti Goettsch fi hàn pé òròmọdìẹ tí a fi fítámì yìí dù yóò ní àrùn ọpọlọ: yóò máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ̀gọ́, yóò yí orí sẹ́yìn, yóò sì ṣubú. Ní ọdún 1957, Schwarz àti Foltz tún fi hàn pé sẹlẹ́níọ̀mù, ohun àlùmọ́nì kan tí ìwọ̀nba kín-ń-kín rẹ̀ tó, jẹ́ kòṣeémánìí fún ara. Ní ọdún 1973 ni a wá mọ ìdí rẹ̀: sẹlẹ́níọ̀mù wà lára ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń pa èérún ọ̀rá tí ó bàjẹ́ lẹ́nu mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kì í dá ṣiṣẹ́. Bí fítámì E bá ti fi ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún olè, fítámì C ni ó ń tún un dì lẹ́rù padà. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ àyà.

Bí a bá wá pa adìẹ, ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ọ̀rá inú ẹran adìẹ rọ̀ ju ti màlúù lọ, ó sì tètè ń dógùn-ún. Itan a máa ṣáájú igẹ̀, nítorí pé ọ̀rá àti irin pọ̀ nínú rẹ̀. Inú fíríìsà ń fa ìbàjẹ́ náà sẹ́yìn ni, kò pa á. Bí iná mànàmáná bá ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹni tí ó ń ta ẹran yóò mọ̀ ọ́n lára. Fítámì E tí adìẹ jẹ nígbà ayé rẹ̀ ti wọ inú awọ èérún ẹran lọ, ibẹ̀ ni ó sì ti ń ṣọ́ ẹran lẹ́yìn ikú. Èyí tí a bá fi pa ẹran lára lẹ́yìn pípa kò lè dé ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí, ìwé ìlànà tí National Research Council ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 1994 ní ìwọ̀n 10 fítámì E nínú kílò oúnjẹ kan tó fún adìẹ ẹlẹ́ran láti wà láàyè kí ó sì dàgbà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ẹran pẹ́ kí ó tó bàjẹ́ a máa lo 100 sí 200 mílígíráàmù.

Ibi tí ewé ti wọlé

Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń fi èròjà àtọwọ́dá dènà ìdógùn-ún oúnjẹ ẹran. Ọ̀kan nínú wọn ni ethoxyquin, èyí tí àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù dá ìlò rẹ̀ nínú oúnjẹ ẹran dúró ní ọdún 2017, nítorí pé ẹ̀rí kò tó láti fi ọkàn gbogbo ènìyàn balẹ̀ lórí rẹ̀. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé túbọ̀ máa wo ohun tí ó ń hù láti inú ilẹ̀.

Ewéko kì í ṣe àìmọ̀kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Inú oòrùn ni ó ń gbé láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò sì lè sá lọ sí abẹ́ ibòji. Bí kò bá ní adènà-ìdógùn-ún tirẹ̀, yóò gbẹ. Ìdí nìyí tí mọ̀ríńgà fi kún fún fítámì C, fítámì E àti èròjà tí ń pọ́n bí kárọ́ọ̀tì. Ohun tí ó mú kí ata ilẹ̀ ta, àti ohun tí ó mú kí ata ilẹ̀ pupa pọ́n, adènà-ìdógùn-ún ni àwọn méjèèjì. Òórùn efínrín àti kíkorò ewúro kò ṣẹ̀yìn irú èròjà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀. Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá, àwọn onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ti fi ewé gbígbẹ lílọ̀ sínú oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́ran, ewé àti kóró ìbẹ́pẹ sì wà lára ohun tí wọ́n dán wò. Wọn kò fi ojú lásán díwọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fà, wọ́n sì wo bí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ ṣe lágbára tó. Ohun tí irú ìwádìí yìí ń fi hàn níbí àti ní ilẹ̀ òkèèrè ni pé, ní ìwọ̀n kékeré, ewé a máa ran àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni adìẹ fi ń tẹ̀wọ̀n jù nítorí rẹ̀. Ìrètí ẹni tí ń lo ewé ni kí adìẹ rẹ̀ lè fara da ooru, kí ẹran rẹ̀ sì pẹ́. Bí ó bá ń retí pé ewé yóò di àgbàdo, yóò pòfo.

Epo pupa pàápàá jẹ́ ẹlẹ́rìí tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé, nítorí ọ̀pọ̀ olùsìn ni ó ń da díẹ̀ sínú oúnjẹ adìẹ kí ó lè lágbára, kí eruku rẹ̀ sì rọlẹ̀. Àwọ̀ pupa rẹ̀ àti fítámì E inú rẹ̀ jẹ́ adènà-ìdógùn-ún. Epo tuntun ni ó ní wọn. Epo tí a ti yọ́ lórí iná títí ó fi funfun ti pàdánù àwọ̀ náà, èyí tí a sì ti fi dín àkàrà nígbà mélòó kan ti kún fún ìdógùn-ún. Ẹni tí ó bá da ìyókù epo bẹ́ẹ̀ sínú oúnjẹ adìẹ, iná ni ó dá sí orí òrùlé ara rẹ̀.

Ìwọ̀n ni ohun gbogbo

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé, bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ yóò dára jù. Ewúro ní ohun tí ń dí oúnjẹ lọ́wọ́ láti dà nínú ara. Ewé mìíràn ní ohun tí ń so mọ́ àmúaradàgbà kí adìẹ má lè lò ó. Ewé sì kún fún ohun líle tí agbẹ̀du kékeré òròmọdìẹ kò lè lọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, oúnjẹ yóò korò, adìẹ yóò kọ̀ ọ́, ìdàgbà yóò sì fà sẹ́yìn.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ má ṣe kọjá kílò 1 ewé gbígbẹ nínú 100 kílò oúnjẹ. Nínú àpò oúnjẹ kan tí ó jẹ́ kílò 25, gíráàmù 250 nìyẹn. Kí ó fi oúnjẹ díẹ̀ po ewé náà ná, kí ó tó dà á mọ́ ìyókù, kí ó lè kárí. Kí ó pín adìẹ rẹ̀ sí méjì: kí ó fún apá kan ní ewé, kí ó má fún apá kejì, kí ó sì máa wọ̀n wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò sọ òtítọ́ fún un. Ẹnu aládùúgbò kò lè sọ ọ́.

Sísá ewé, àti ọ̀rọ̀ eku

Ibi tí a ti ń sá ewé ṣe pàtàkì tó ewé fúnra rẹ̀. Oòrùn gangan a máa pa fítámì àti àwọ̀ inú ewé. Abẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí a sá a sí, títí tí yóò fi máa rún wúwú lọ́wọ́. Bí omi bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, yóò bu, májèlé sì ń bẹ nínú ohun tí ó bu.

Ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbí tí ó ju ti adìẹ lọ. Àwọn agbègbè méjèèjì wà lára ibi tí ibà Lásà ti ń jà jù ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kó àrùn náà. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní ìlú Lassa ní Bọ̀rnó, eku ọlọ́mú púpọ̀ ni ó sì ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku náà ni ó ń fi í sí ara oúnjẹ. Ẹni tí ó bá sá ewé tàbí àgbàdo adìẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, tí ó fi àpò oúnjẹ sílẹ̀ ní ẹnu ṣíṣí nínú yàrá, tábìlì ni ó tẹ́ fún eku. Ọwọ́ tí ó fi ń bu oúnjẹ fún adìẹ ni yóò fi jẹun.

Nítorí náà, orí pẹpẹ gíga tí a fi àwọ̀n bò ni kí a sá ewé sí, kí a sì kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú garawa tí ó ní ọmọrí líle ni kí a kó ewé lílọ̀ àti oúnjẹ sí. Kí àpò má ṣe kan ilẹ̀, kí ó má sì kan ògiri. Kí a gbá oúnjẹ tí ó dà sílẹ̀. Ọmọrí tí ó lé eku sẹ́yìn yìí kan náà ni ó ń dín afẹ́fẹ́ tí ń ba ọ̀rá jẹ́ kù. Òkò kan, ẹyẹ méjì.

Ohun tí ewé kò lè ṣe

Ewé kì í jí oúnjẹ tí ó ti kú dìde. Ọ̀rá tí ó ti dógùn-ún ti dógùn-ún. Efínrín yóò bo òórùn rẹ̀ ni, kò ní tún un ṣe. Ewé kì í yọ májèlé kúrò nínú àgbàdo tí ó ti bu. Ewé kì í dípò abẹ́rẹ́ àjẹsára lúkúlúkú àti ti Gọ́mbórò, kì í sì í dípò omi tútù àti ilé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá fi í rọ́pò àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò sọ ewé ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ tí adìẹ bá kú.

Báyìí ni ẹjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣe parí. Àwọn tí wọ́n ní ewé tó fún gbogbo nǹkan jẹ̀bi, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ ni ewé, kì í ṣe onílé. Àwọn tí wọ́n ní òfò ni ewé náà kò jàre, nítorí pé oúnjẹ tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́ ní pípé lè má pé mọ́ nígbà tí ó bá fi lo oṣù méjì nínú yàrá gbígbóná. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a lọ oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, èyí tí adìẹ lè jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Iṣẹ́ kejì ni kí a pa á mọ́ kúrò lọ́wọ́ ooru, afẹ́fẹ́ àti eku. Ìgbà náà ni ẹ̀kúnwọ́ ewé gbígbẹ yóò rí ohun tí yóò ṣọ́.

Ẹ̀yin òǹwòran, adìẹ kò lè sọ ohun tí ń ṣe é, ìyẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí a rí i. Ẹni tí ó sìn ín ni ó yẹ kí ó mọ̀.